Hẹ́dífóònù Olówó Ńlá, Áńpù Tí Kò Bá A Mu: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò kan tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé hẹ́dífóònù Sennheiser HD 600 wá bá mi nílé. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń tọ́jú owó rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní 300 ohm ni, wọ́n ní láìsí áńpù oníwáàtì mẹ́fà, mo kàn fi owó mi ṣòfò ni." Ẹni tó tà á fún un ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni yìí kan náà sì ní áńpù oníwáàtì mẹ́fà nílẹ̀ tó fẹ́ tà. Owó áńpù ọ̀hún, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn kó tó dé hẹ́dífóònù, ju ti hẹ́dífóònù lọ. Mo ní kó jókòó, kó kọ́kọ́ mu omi ná.

Ohun tí mo ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú àwọn àṣìṣe mìíràn tí mo ti rí lọ́wọ́ èèyàn. Díẹ̀ nínú wọn, ọwọ́ tèmi ni.

Ká máa wo ohm nìkan

Èyí ló gbòde jù. Ohm ni wọ́n fi ń wọn bí hẹ́dífóònù ṣe ń dí iná lọ́nà. Àwọn èèyàn á rí 300 lára páálí, wọ́n á ní ó le. Wọ́n á rí 50, wọ́n á ní fóònù lásán á gbé e. Ohm kì í dá rìn. Nọ́ńbà kejì wà tó ń bá a rìn, ìyẹn iye ariwo tí hẹ́dífóònù ń mú jáde tí ẹ bá fún un ní mílíwáàtì 1 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì), tàbí fólítì 1. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló mọ èyí tó wù ú láti kọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ẹ má baà máa fi fólítì ti ọ̀kan wé mílíwáàtì ti èkejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti HD 600 náà. Ohun tí Sennheiser kọ nípa rẹ̀ ni pé tó bá gba fólítì 1, ariwo rẹ̀ á tó dẹ́síbẹ́lì 97 (dẹ́síbẹ́lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo). Ìgbàkígbà tí ẹ bá sọ fólítì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́lì 6 ló ń lé. Nítorí náà fólítì 2 á gbé e dé 103, fólítì 4 á gbé e dé 109. Dẹ́síbẹ́lì 109 kì í ṣe eré. Ìgbà tí ọ̀pá bá ba awọ ìlù gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìkan ló yẹ kí orin dé ibẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fólítì 4 lórí 300 ohm, mílíwáàtì 53 péré ni.

Àbúrò mi ní, "Mẹ́tàléláàádọ́ta? Kì í ṣe wáàtì?" Mo ní mílíwáàtì ni. Mo ní kó ṣí ìwé áńpù ọ̀hún lórí fóònù rẹ̀. Wáàtì mẹ́fà tí wọ́n kọ, orí 32 ohm ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Tí wọ́n bá gbé fólítì kan náà sórí 300 ohm, ohun tó máa kù kò ju bíi mílíwáàtì 640 lọ, ìyẹn náà sì tún jẹ́ ìlọ́po méjìlá ohun tí HD 600 nílò. Àwọn tó ń tajà mọ̀ pé wáàtì tó pọ̀ jù ló ń fa ojú mọ́ra, orí ohm tó bá máa jẹ́ kó pọ̀ ni wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ ra áńpù, ohm ti hẹ́dífóònù yín ni kí ẹ wá nínú ìwé rẹ̀. Tí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ béèrè.

Ẹ wá wo òdìkejì. Hifiman HE-6, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Ṣáínà, 50 ohm ni. Ẹni tó ń wo ohm nìkan á ní ó rọrùn. Àmọ́ tí ẹ bá fún un ní mílíwáàtì 1, dẹ́síbẹ́lì 83.5 ló ń mú jáde. Kó tó dé 109 kan náà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíwáàtì 355, ìlọ́po mẹ́fà àti ààbọ̀ ti HD 600. Fólítì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mẹ́rin àti díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni iye iná tó ń ṣàn gba inú wáyà: HD 600 ń fa milliampere 13, HE-6 ń fa 84. Áńpù kékeré tó ní fólítì dáadáa tí ò lè tú iná sílẹ̀ á gbé èkíní láìlàágùn, á sì kọsẹ̀ lórí èkejì: tí ìlù bá ti wọlé, ohùn á há, á máa fọ́.

(Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní wáàtì kò wúlò rí o. AKG K1000, hẹ́dífóònù àtijọ́ láti ilẹ̀ Ọ́síríà tí kì í lẹ̀ mọ́ etí, dẹ́síbẹ́lì 74 ló ń mú jáde pẹ̀lú mílíwáàtì 1. Wáàtì mẹ́ta àti díẹ̀ ni yóò fi dé 109. Ẹ̀yìn áńpù lódisípíkà ni wọ́n ti ń so ó. Tó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni àbúrò mi gbé wá ni, ǹ bá ní kó lọ wá áńpù lódisípíkà lọ́jọ́ yẹn.)

Ká gbàgbé pé áńpù náà ní ohm tirẹ̀

Ẹnu àwọn òǹtajà kì í sábà dé ibí. Iná tó ń ti ihò áńpù jáde, ó ń gba inú ohm kan kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ hẹ́dífóònù. Fólítì tí áńpù bá gbé kalẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ń pín in, èyí tí ohm rẹ̀ pọ̀ ló sì ń mú púpọ̀. Tí ti áńpù bá kéré gan-an, hẹ́dífóònù ló ń kó o lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sí ìjà. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ti áńpù bá tóbi, nítorí ohm hẹ́dífóònù kì í dúró sójú kan. 300 tí wọ́n kọ sára HD 600, ibi ohùn àárín ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Tí ohùn bá sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí ìyáàlù ti ń kùn, ní nǹkan bí 100 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ó ń gòkè dé 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá ki hẹ́dífóònù náà bọ áńpù tí ohm tirẹ̀ jẹ́ 120. Ní ohùn àárín, hẹ́dífóònù á mú ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún fólítì náà. Nísàlẹ̀, á mú bí ìdá 80. Ìlù á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 1 ga ju bí ẹni tó gba orin sílẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Kò pọ̀, ẹ ó kàn gbọ́ pé ohùn náà sanra. Èmi ò kórìíra rẹ̀, pàápàá lálẹ́ tí mo bá ń gbọ́ sákárà. Àmọ́ ká mọ̀ pé áńpù ló fi ìyọ̀ sí i, ká má lọ máa sọ fún ayé pé áńpù yìí "ń tú ohùn síta" ju èyí tó kù lọ.

Kì í ṣe pé mo fa 120 yọ lápò. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IEC 61938 ló dábàá rẹ̀ ní 1996, rìsífà àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ bàbá yín sì ṣeé ṣe kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn fa ihò hẹ́dífóònù láti ẹ̀yìn lódisípíkà ni, wọ́n sì fi rẹsísítọ̀ dí i. Òfin tí àwa tó ń ṣeré yìí ń tẹ̀ lé ni pé kí ohm áńpù má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti hẹ́dífóònù lọ. Fún 300, kó má ju 37 lọ. Fún 32, kó má ju 4 lọ.

Íapíìsì inú etí tó gbówó lórí ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù. Shure SE846 jẹ́ ohm 9, ohm ọ̀hún sì ń lọ sókè sódò láti ohùn kan dé èkejì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ kò ju ohm 1 lọ dáadáa. Tí ẹ bá ki íapíìsì yìí bọ ẹnu áńpù ohm 120, ohùn tí ẹ ó gbọ́ kì í ṣe ti SE846 mọ́, ohùn ẹlòmíì ni. Nítorí pé mílíwáàtì 1 péré ń gbé e dé dẹ́síbẹ́lì 114, áńpù alágbára á tún máa hó sí yín létí, ṣìììì, bí ìgbà tí èèyàn ń din àkàrà ní yàrá kejì. Ẹ lè sáré ra áńpù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, hóhó náà á kàn pọ̀ sí i ni.

Áńpù túúbù (èyí tó ń fi gílóòbù onígíláàsì ṣiṣẹ́) tí kò ní transformer níbi tí ohùn ti ń jáde ńkọ́? Ohm tirẹ̀ sábà máa ń ga, ó sì ń bá HD 600 tàbí Beyerdynamic DT 880 oní-600 ohm ṣe bí ọmọ ìyá. Ẹ má gbé Audeze LCD-X, tó jẹ́ 20 ohm, lọ bá a. Ohm ti irú hẹ́dífóònù bẹ́ẹ̀ kì í yí padà, nítorí náà ìlù ò ní sanra, àmọ́ áńpù náà ló máa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú fólítì, ẹ̀yin á wá máa yí bọ́tìnnì lásán.

Bọ́tìnnì tí kò dé ìdajì

"Mi ò tíì yí i dé ìdajì tó ti ń pariwo, áńpù mi lágbára gan-an ni." Rárá. Ibi tí bọ́tìnnì wà kò sọ nǹkan kan nípa agbára, bí wọ́n ṣe to áńpù náà ló ń sọ. Tó bá ní gain, ibi tí a ti ń yan ojú kékeré tàbí ojú ńlá fún agbára rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú kékeré, kí bọ́tìnnì lè gòkè díẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì ti ń ṣe ségesège, etí òsì á dákẹ́, tọ̀tún á máa sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì gbé ohùn láti ihò hẹ́dífóònù fóònù lọ sínú áńpù nígbà tí DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ orin inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà di iná tí áńpù lè lò) wà nílẹ̀ tó ní ẹnu RCA tirẹ̀, ihò tí a fi ń so ó mọ́ áńpù. Ẹ jẹ́ kí DAC kó fólítì 2 rẹ̀ lé áńpù lọ́wọ́ tààrà.

Àwọn tó lè ba nǹkan jẹ́

Àwọn tí mo ti sọ, etí nìkan ni wọ́n ń dùn. Méjì yìí ń dáná sun owó.

Àkọ́kọ́, áńpù balanced, oní XLR ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tàbí 4.4 mm. Iná ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ ilẹ̀. Hẹ́dífóònù oní 6.35 mm, wáyà mẹ́ta ló ní, òsì àtọ̀tún jọ ń lo ọ̀kan. Tí ẹ bá ra adapter olówó pọ́ọ́kú láti fi ki irú rẹ̀ bọ ẹnu XLR, wáyà méjì tí kò yẹ kó pàdé ti pàdé nìyẹn, áńpù lè jóná. Láti òdìkejì kò séwu: hẹ́dífóònù tí wáyà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin lè gba adapter lọ sẹ́nu 6.35 mm.

Ìkejì, fólítì ara ògiri. Èyí ṣe èmi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi áńpù ránṣẹ́ sí mi, ayọ̀ kò jẹ́ kí n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Fólítì 120 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kékeré. Mo ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri wa tó jẹ́ 230. Kò pariwo rárá o. Iná pupa kan tàn, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀, ìgbà tí mo fi máa fa wáyà yọ, òórùn ti gba yàrá kan. Transformer inú rẹ̀ ti lọ. Ti Japan tiẹ̀ tún kéré, fólítì 100 ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Ẹ wá "100–240V" tàbí bọ́tìnnì kékeré tí a fi ń yí i lẹ́yìn. Tí kò bá sí méjèèjì, ẹ ra step-down kí áńpù tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ Japan: hẹ́dífóònù Stax, tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, kì í bá áńpù hẹ́dífóònù lásán ṣe. Fólítì 580 ló gbọ́dọ̀ dúró lórí awọ inú rẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún un ní èyí, ọ̀tọ̀ ni, ẹnu ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún rẹ̀ sì ọ̀tọ̀. Ẹ kà á mọ́ owó rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ká fi etí lásán dájọ́

Ẹni tó bá gbọ́ áńpù méjì tẹ̀ léra, èyí tó pariwo jù díẹ̀ ló máa sọ pé ó dára jù. Etí gbogbo wa ló rí bẹ́ẹ̀, tèmi náà. Ohun tí mo ń ṣe nìyí: màá fi ohùn 400 Hz tó dúró gbọin sórí kọ̀ǹpútà, màá ki hẹ́dífóònù bọ áńpù, màá fi multimeter tó wà lójú AC wọn fólítì níbi tí wáyà ti wọlé. Màá yí áńpù kejì títí fólítì rẹ̀ yóò fi bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá tó gbọ́ orin.

A ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí àbúrò mi wá. Mo gbé áńpù ńlá tèmi síbẹ̀, mo gbé adapter Apple kékeré oní USB-C, tí wọ́n fi ń so hẹ́dífóònù mọ́ fóònù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti Amẹ́ríkà, tó ń tú fólítì 1 síta. (Ti Yúróòpù kò ju ààbọ̀ fólítì lọ, kí ẹni tó fẹ́ ní kí wọ́n bá òun rà á ní London fi sọ́kàn.) Mo ní kó kọjú sí ògiri, mo ń pààrọ̀ wọn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mẹ́wàá tí mo bi í léèrè, márùn-ún ló gbà. Ó bọ́ hẹ́dífóònù lórí, ó wo adapter náà, ó tún wo áńpù, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní tí òun bá fẹ́ kó dún ju báyìí lọ nígbà tí òun bá ń fi dùùrù ṣeré, òun á wá áńpù kékeré kan tó ń gbé fólítì 4 lórí 300 ohm. Kò tíì rà á. Ẹni tó fẹ́ ta oníwáàtì mẹ́fà fún un ṣì ń pè é lórí fóònù.