Káàdì tó ń dá owó padà: àṣìṣe tí a máa ń ṣe kí wọ́n tó fún wa, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ní rárá

Ẹni tó bá ń wá káàdì àwìn, ìyẹn credit card, ní Èkó báyìí, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: èló ni wọ́n ń dá padà? Báńkì kan ní 1 nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì ní 2, ẹ̀kẹta ní 5 tí èèyàn bá rajà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kan tó dárúkọ. A ó kó wọn jọ, a ó mú èyí tó ga jù. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, nítorí a ò béèrè àpò ta ni owó náà ti ń jáde.

Púpọ̀ nínú fídíò tí à ń wò nípa cashback, ìyẹn owó tí káàdì ń dá padà yìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Níbẹ̀, bí oníbàárà bá fi káàdì àwìn san 100 dọ́là, nǹkan bíi 2 dọ́là ló ń kúrò lọ́wọ́ ọlọ́jà bọ́ sọ́wọ́ báńkì àti ilé iṣẹ́ káàdì, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú owó ọlọ́jà yìí ni báńkì ti ń bu díẹ̀ fún ẹni tó ni káàdì. Ní London, òfin kò jẹ́ kí ohun tí báńkì tó ni káàdì ń gbà ju 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìdí nìyẹn tí cashback àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún kì í fi í tó ti àwọn ará Houston.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Láti 2019 ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, ti sọ pé 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọlọ́jà yóò máa san lórí POS, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ₦1,000 bó ti wù kí ọjà náà wọ́n tó. Ẹ wò ó báyìí: ẹ ra fóònù ₦300,000 ní Computer Village, Ìkẹjà. ₦1,000 péré ni ọlọ́jà san. Báńkì tó ni káàdì yín, báńkì tó ni POS, àtàwọn tó so wọ́n pọ̀, gbogbo wọn ló máa pín in. Báńkì wá ṣèlérí 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦6,000 nìyẹn. Ẹni tó ń dá ₦6,000 padà nínú ₦1,000 tí kò tiẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ó ní láti ti rí owó níbòmíì. Ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ló ń sanwó kí oníbàárà lè wá. Ó lè jẹ́ ìpolówó tó máa parí bí oṣù mẹ́ta bá pé. Tàbí kó jẹ́ èlé, èyí sì ni mo máa ń fura sí jù.

Ẹ má fi cashback díwọ̀n káàdì tí ẹ ò tíì mọ èlé rẹ̀

Ní oṣù kọkànlá 2024, CBN gbé èlé tí àwọn báńkì ń wò ṣe tiwọn dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Nínú irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má retí àwìn olówó pọ́ọ́kú. Ká ní èlé káàdì yín jẹ́ 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, tí cashback sì jẹ́ 1. Ẹ ná ₦200,000, wọ́n dá ₦2,000 padà, àlẹ́ẹ̀tì wọlé, inú yín dùn. Ẹ wá fi gbèsè náà sílẹ̀ di oṣù tó tẹ̀ lé e: ₦6,000 ti lọ. Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ pé òun kì í lè san gbogbo rẹ̀ tán lóṣù, káàdì tí èlé rẹ̀ kéré tí kò ní cashback kankan ló dára fún un.

Ọjọ́ 45 tí wọ́n ń polongo pé kò sí èlé nínú rẹ̀ náà ní àlàyé. Kì í ṣe gbogbo ọjà ló ń rí ọjọ́ 45. Bí ìwé ìṣírò yín, ìyẹn statement tó ń sọ iye tí ẹ jẹ, bá ń jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù, tí wọ́n sì fún yín ní ọjọ́ 15 láti san án, ọjà tí ẹ rà ní ọjọ́ kejì oṣù ló máa gbádùn bí ọjọ́ 45 yẹn. Èyí tí ẹ rà ní ọjọ́ 29, bí ọjọ́ 17 ló ní. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá kọ̀la. Ọjọ́ 17 kò tiẹ̀ tó gbé owó oṣù kan pàdé èkejì. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ìwé ìṣírò ń jáde kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Iye tó kéré jù tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé kí ẹ san, báńkì ni ìyẹn ṣe láàánú. Bí ẹ bá san án, wọn ò ní pè yín ní ajẹgbèsè tó sá, àmọ́ èlé ń lọ lórí ìyókù. Ẹ má sì fi káàdì àwìn gba owó lẹ́nu ATM. Owó iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, èlé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì ní cashback.

Ọ̀nà tí owó yín ń gbà jáde

Èyí ni mi ò rí kí àwọn tó ń fi káàdì wéra sọ tó. Cashback kò mọ tránsífà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ẹ bá dé Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà, nọ́ńbà àkáǹtì ni wọ́n kọ sára ògiri. Ìyá aláṣọ máa sọ pé, “Ẹ ṣe tránsífà, ọmọ mi, POS ń dààmú wa láti àárọ̀.” Ẹlòmíì ní POS, ṣùgbọ́n á fi ₦500 lé ọjà fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó, ọ̀ràn cashback sì parí síbẹ̀. Owó ilé, tránsífà. Owó iléèwé, tránsífà tàbí kí wọ́n san án ní báńkì. Ata àti ewédú Mile 12, owó lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú káàdì, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ ka èyí tó gba POS tàbí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá nínú rẹ̀: epo ọkọ̀, súpámákẹ́ẹ̀tì, dátà, ilé ìwòsàn. Iye yẹn nìkan ni kí ẹ fi ìlérí báńkì ṣírò. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ẹni tó ń ná ₦400,000 lóṣù bá rí i pé ₦60,000 péré ló gba ibẹ̀ kọjá. Cashback 2 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìyẹn, ₦1,200 ni, bí owó ọdọọdún káàdì kò bá sì ti jẹ ẹ́.

Àwọn ohun kéékèèké tó kù: ṣé owó ni wọ́n ń dá padà àbí póíǹtì, iye tí wọn kì í kọjá lóṣù, àti bóyá epo wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa fi káàdì náírà san nǹkan lókè òkun, kó béèrè iye tí wọ́n gbà láyè, nítorí ní 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì gé e sí 20 dọ́là lóṣù, tí àwọn kan sì ti í pa pátápátá kó tó tún ṣí.

Wọ́n ní rárá

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: báńkì kan kọ̀ ní ọjọ́ Ajé, a ti dé báńkì mẹ́ta mìíràn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. CBN ní kí báńkì yẹ àkọsílẹ̀ ẹni wò ní credit bureau, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn, méjì ó kéré tán kó tó yá a lówó, yíyẹ̀wò náà sì ń fi ipa sílẹ̀. Báńkì kẹrin á rí i pé mẹ́ta ti wo orúkọ yìí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó lé báńkì àkọ́kọ́ sá ṣì wà níbẹ̀ tí ń dúró de òun náà.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí báńkì fèsì láàárín ọjọ́ 30, kí ẹni tí wọ́n kọ̀ sì lè mọ ìdí rẹ̀. Nílé ńbí, ẹ má jókòó de lẹ́tà. Ẹ lọ sí ẹ̀ka yín, ẹ fọ̀wọ̀ bá òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé àkọsílẹ̀ credit bureau ló fà á, àbí owó tó ń wọlé fún mi ni kò tó?” Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló máa sọ ibi tí ẹ máa gbà.

Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ ni, Òfin Credit Reporting Act ti 2017 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún. Mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ náà: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Ẹ gba ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ohun tó wà lọ́dọ̀ ọ̀kan lè má sí lọ́dọ̀ èkejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá níbẹ̀ kì í ṣe gbèsè ńlá. Lóònù ₦5,000 orí áàpù ni, tí wọ́n yá nígbà kan tí wọ́n sì gbàgbé nígbà tí wọ́n yí fóònù padà. Lóònù ọ̀rẹ́ ni, tí ẹ ṣe onídùúró fún níbi iṣẹ́. Nígbà mìíràn, ẹ ti san án tán, ayánilówó ni kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má san gbèsè àtijọ́ sínú àkáǹtì ẹnì kan tó ní òun jẹ́ aṣojú. Inú áàpù tàbí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ náà ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba lẹ́tà pé ẹ ò jẹ wọ́n mọ́. Àwọn tó ń polówó lórí WhatsApp pé àwọn á bá yín nu BVN mọ́, olè ni wọ́n. BVN kì í ṣe síléètì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí òun bá pa àkáǹtì kan tì, gbèsè ti kú: láti oṣù kẹjọ 2020 ni báńkì tí ẹ jẹ ní gbèsè ti lè fa owó náà yọ nínú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN yìí kan náà.

Orúkọ ń dí àwọn obìnrin lọ́wọ́. NIN ti di orúkọ ọkọ, BVN ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá, kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ni. Ẹ tún un ṣe ní báńkì kí ẹ tó tún kọ̀wé béèrè.

Bó bá jẹ́ owó tó ń wọlé ni wọ́n ní kò tó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìyá tó ti ń dá àjọ láti ogún ọdún ní Ìdúmọ̀tà, tí kò jẹ alájọ ní gbèsè rí, credit bureau kò mọ̀ ọ́n. Mi ò rí i pé ó tọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Kí irú wọn má tẹra mọ́ káàdì tí wọ́n ṣe fún olówó oṣù. Àwọn báńkì kan máa ń fún èèyàn ní káàdì tí owó tó fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn dúró fún, tí kò béèrè ìwé owó oṣù. Bí ẹ bá ń san án lásìkò, orúkọ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àkọsílẹ̀.

Bí àṣìṣe bá wà nínú àkọsílẹ̀ tí báńkì tó kọ ọ́ kò sì fẹ́ tún un ṣe, ẹ kọ ẹ̀sùn sí báńkì náà ná, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka CBN tó ń gbèjà oníbàárà, cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ so nọ́ńbà ẹ̀sùn náà, lẹ́tà ìsanwó àti ẹ̀dà àkọsílẹ̀ credit bureau mọ́ ọn.