Bí Mo Ṣe Ń To Ọmọ Méjì Sínú Mọ́tò Onílẹ̀kùn Méjì

Bí obìnrin bá lóyún ẹlẹ́ẹ̀kejì ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí wọ́n bá ti kí i kú oríire tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e ni, "Ẹ máa ta mọ́tò kékeré yẹn nìyẹn o." Fiat 500 ni tèmi: ilẹ̀kùn méjì, síìtì mẹ́rin, bùùtù tí kò ju lítà 185 lọ. Mo ti san gbèsè rẹ̀ tán. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn ni mò ń ṣe, láti Thamesmead dé Abbey Wood, mọ́tò yìí sì máa ń ráyè dúró níbi tí àwọn ńlá ń gbà kọjá lọ. N kò tà á. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan àti ọmọ ọwọ́ kan ló ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ báyìí, ọ̀nà tí mò ń gbà tò wọ́n síbẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò nílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ gbọ́dọ̀ máa jókòó sínú síìtì ọmọ títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £500. Ẹ wo bébà kékeré aláwọ̀ ọsàn tó wà lára síìtì náà: bí wọ́n bá kọ R129, nọ́ńbà ìlànà ààbò síìtì ọmọ, sí i, gíga ọmọ ni wọ́n fi ń yàn án, ọmọ sì gbọ́dọ̀ máa kọjú sẹ́yìn títí yóò fi lé ní oṣù 15. Bí ó bá jẹ́ R44, ìlànà tó ti pẹ́ díẹ̀, ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń yàn án. Èyí tí kò bá ní bébà kankan lára, ẹ má gbé e wọlé. Èyí tí ẹnì kan fẹ́ ta fún yín lórí fóònù, tí ẹ kò mọ̀ bóyá mọ́tò tó wà tẹ́lẹ̀ ti ní jàǹbá rí, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Mo gba èyí tí àbúrò mi lò fún ọmọ tirẹ̀, torí mo mọ gbogbo ìtàn rẹ̀.

Ohun tó ń dààmú ènìyàn nínú mọ́tò onílẹ̀kùn méjì ni ọ̀nà àtiwọlé. Bí àwọn ọmọ bá ti jókòó tán, àyè máa ń tó wọn. Ṣùgbọ́n ihò tóóró kan ṣoṣo ló wà láàrin síìtì iwájú àti òpó mọ́tò, ibẹ̀ náà ni ẹ máa gbà gbé ọmọ, báàgì àti orúnkún tiyín kọjá. Ẹni tó bá ra síìtì ọmọ láìro ti ihò yìí, ojoojúmọ́ ni yóò máa bá a jà.

Nítorí náà, mọ́tò ni kí ẹ fi yan síìtì. Ẹ wa mọ́tò yín lọ sí ilé ìtajà tí wọ́n ti máa ń bá ènìyàn dì í mọ́ inú mọ́tò. Wọ́n ń ṣe é ní Halfords, àwọn ilé ìtajà ńlá mìíràn náà sì ń ṣe é. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé ohunkóhun wọlé, ẹ kọ́kọ́ fa síìtì dírẹ́bà sí ibi tí ẹ máa ń fà á sí gan-an tí ẹ bá ń wakọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìtajà máa ń tì í síwájú pátápátá kí síìtì ọmọ lè wọlé, gbogbo wọn á wá máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin á sì délé ẹ ò ní lè na ẹsẹ̀ dé búrékì. Àwọn tó ń ṣe síìtì tún máa ń kọ orúkọ àwọn mọ́tò tó bá ọjà wọn mu sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá orúkọ mọ́tò yín àti ọdún tí wọ́n ṣe é níbẹ̀.

Ibi tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kì í ti í fẹnu kò nìyí. Wọ́n ní kí n ra béèsì ISOFIX, èyí tó máa ń kọ́ ara rẹ̀ mọ́ irin méjì tó wà láàrin ìjókòó àti ẹ̀yìn síìtì, tí ẹ máa gbé síìtì ọmọ lé lórí, tí yóò sì dún "ká". Ó dára. Ó ṣòro láti dì í ní ìdìkudì, irin náà sì wà lẹ́yìn Fiat mi. Ṣùgbọ́n béèsì yẹn máa ń dúró síbẹ̀ ni, ó sì ga, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ẹsẹ̀ irin tó gúnlẹ̀ síwájú. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin kò rọ́nà kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́, àfi kí ó gba ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà wọlé, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń kọjá. Èyí tí mo yàn ni síìtì ọmọ ọwọ́ tí bẹ́líìtì mọ́tò fúnra rẹ̀ ń dì mú, tí kò ní béèsì. Bí mo bá yọ ọ́, àyè ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta bí ẹ bá fẹ́ ṣe bíi tèmi. Àkọ́kọ́, kí ìwé tó bá síìtì náà wá sọ pé bẹ́líìtì lè dì í, torí kì í ṣe gbogbo wọn. Èkejì, kí bẹ́líìtì mọ́tò yín gùn tó. Nínú mọ́tò kékeré, ó máa ń ku díẹ̀ kí ó yí i po, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan gùn ún. Ẹ̀kẹta, kí ìdè tí ẹ ń ki orí bẹ́líìtì bọ̀ má ṣe gbé ara lé etí síìtì ọmọ, torí ó lè ṣẹ́ níbẹ̀ bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Ọ̀nà tí bẹ́líìtì máa gbà kò ṣòro: wọ́n fi àwọ̀ búlúù sàmì sí i lára síìtì tó ń kọjú sẹ́yìn. Apá tó wà fún itan máa gba òkè ẹsẹ̀ ọmọ kọjá, apá tó wà fún èjìká á yí ẹ̀yìn síìtì po. Ẹ fi ọwọ́ tẹ síìtì náà mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń fa bẹ́líìtì le. Ẹ ó máa ṣe èyí nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbé e wọlé, ìdí nìyí tí n kò fi ní gba ẹni tí kì í fara balẹ̀ nímọ̀ràn láti lò ó. Ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó ra béèsì.

Fún ẹ̀yin tó wà nílé, tí mọ́tò tòkunbọ̀ yín kò ní ISOFIX, irú síìtì yìí náà ló máa bá yín mu, bí bẹ́líìtì ẹ̀yìn bá ti jẹ́ èyí tó gba èjìká tó sì gba itan.

Ó kan ọ̀rọ̀ ibi tí oníkálukú máa jókòó sí. Apá òsì títì ni a ń gbà wakọ̀ níbí, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ èrò iwájú ló máa ń súnmọ́ ẹ̀bá títì. Ẹ̀yìn èrò iwájú ni ọmọ ọwọ́ wà, ẹ̀yìn mi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, lórí síìtì tó ga lẹ́yìn tó sì kọjú síwájú. Èmi kò ga, nítorí náà orúnkún rẹ̀ kì í kan mi lẹ́yìn. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò gbé ọmọ ọwọ́ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n lè máa rí i. Òfin gbà á bí ẹ bá ti pa airbag síìtì náà, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú jáde bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Bí ó bá wà ní títàn, ó léèwọ̀ pátápátá, torí ẹ̀yìn síìtì ọmọ gan-an ni yóò fọ́n lù, ó sì lè pa ọmọ. Ní tèmi, mọ́tò tí ọkọ àti ìyàwó jọ ń wà, tí ẹnì kan ń pa airbag tí ẹnì kejì ń tàn án, n kò fẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni ọmọ ń jókòó.

Bí a ṣe ń wọlé nìyí. Inú ilé ni mo ti máa ń de ọmọ ọwọ́ mọ́ síìtì rẹ̀, níbi tí iná wà tí òtútù kò sí. Ẹ bọ́ kóòtù tó wú lọ́rùn rẹ̀ kí ẹ tó dè é. Bí ẹ bá de bẹ́líìtì lé kóòtù lórí, ẹ máa rò pé ó le, ṣùgbọ́n kóòtù yẹn máa rún wọlé bí ìjàǹbá bá dé, àlàfo á sì ṣí sílẹ̀ láàrin bẹ́líìtì àti ọmọ. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ dà bò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán. Kí okùn èjìká ti ibi tó ṣe déédéé èjìká ọmọ jáde tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ fi ìka méjì gbìyànjú láti ká okùn náà pọ̀ lókè èjìká. Bí ó bá ṣì ṣeé mú, ẹ fà á sí i.

Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbé síìtì náà ka orí férémù kẹ̀kẹ́ ọmọ, mo sì máa ń tẹ búrékì rẹ̀ sẹ́bàá ògiri, kì í ṣe sẹ́bàá títì. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ èrò, mo ká síìtì iwájú, mo tì í síwájú dé òpin. Ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ wọlé, á fi ìdí wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, èmi náà á sì nawọ́ tẹ̀ lé e lọ de bẹ́líìtì rẹ̀, torí kò sí nǹkan kan láàrin wa. Ìdí pàtàkì tí n kò fi fẹ́ béèsì nìyẹn. Ìgbà tó bá ti jókòó ni mo tó lọ gbé àbúrò.

Ẹ ṣọ́ bẹ́líìtì èrò iwájú: nínú mọ́tò onílẹ̀kùn méjì, ó máa ń ta ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́nà kí ẹ tó gbé ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ni kí ó ṣíwájú wọlé. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti gbé síìtì náà sókè gbére láti ìta. Òun nìkan lè tó kílò mẹ́rin kí ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò, ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ sì máa wọ́ síìtì náà lórí ìjókòó. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún láti bímọ, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e. Ọgbẹ́ yẹn kò mọ eré.

Bí a bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, a máa yí i padà: àbúrò jáde sórí kẹ̀kẹ́, búrékì, kí ẹ̀gbọ́n tó jáde. Ilẹ̀kùn mọ́tò onílẹ̀kùn méjì gùn ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí náà ní ilé ìtajà ńlá bíi Tesco tàbí Asda, ẹ wá àyè fífẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òbí àti ọmọ. Bí kò bá sí, ẹ lọ síbi tó jìnnà tí mọ́tò kankan kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò kéékèèké máa ń jin. Ó lè mú kí síìtì ọmọ nàró jù, kí orí ọmọ wá ṣubú síwájú, kí àgbọ̀n rẹ̀ sì kan àyà. Èyí lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ síìtì ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó yẹ kó bá ilẹ̀ dọ́gba. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe lórí òkè Plumstead. Kí ọmọ má sì pẹ́ ju wákàtí méjì lọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti ọmọ tuntun kò tiẹ̀ yẹ kó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ fún wa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a jọ jáde, wọ́n na ọwọ́: "Ìyàwó mi, gbé ọmọ fún mi kí n gbé e lẹ́sẹ̀. Ṣé ọmọ bọ́ lọ́wọ́ mi rí ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ọlọ́pàá ìlú yìí ò gbà fún wa." Òfin ni mo fi bẹ̀ wọ́n, torí àlàyé pé kò sí apá tó lè di ọmọ mú nígbà tí mọ́tò bá dúró gìrì máa ń dà bíi pé à ń fojú di àgbà. Orúnkún ń dun Màmá, wọn kò lè kọjá sẹ́yìn, síìtì ọmọ sì ti gba àyè ẹsẹ̀ èrò iwájú. Nígbà tí wọ́n bá máa bá wa lọ, ẹ̀gbọ́n á dúró ti bàbá rẹ̀ nílé, èmi á sì di àbúrò sí ẹ̀yìn tèmi, kí Màmá lè fa síìtì tiwọn sẹ́yìn dáadáa. Ẹ wo ìwé síìtì yín bóyá ó gbà kí ẹ̀yìn síìtì iwájú kan síìtì ọmọ. Àwọn kan fàyè gbà á, àwọn kan kò gbà.

Ní ti bùùtù, kẹ̀kẹ́ tó bá ká pọ̀ dáadáa nìkan ló máa wọ̀ ọ́, ọjà ọ̀sẹ̀ kò sì ní ráyè pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọrùn ọmọ ti gbó, ọ̀já ni mò ń fi pọ̀n ọ́n wọ ilé ìtajà.

Bí ọmọ bá ti ga kọjá ohun tí síìtì ọmọ ọwọ́ gbà, síìtì ńlá tí kì í kúrò lójú kan ló kù, ọ̀nà ẹ̀gbọ́n á sì dí. Nígbà náà, yóò ti lè de bẹ́líìtì fúnra rẹ̀, á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà wọlé níbi tí mọ́tò kò ti ń kọjá. Wọ́n á fẹ́ ta síìtì tó ń yí po fún yín, èyí tó wọ́n gan-an. Nínú mọ́tò onílẹ̀kùn mẹ́rin, ó máa ń yí kọjú sí ilẹ̀kùn; nínú tiwa, ara mọ́tò ló wà níbi tí ilẹ̀kùn yẹn ì bá wà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n gbé e sínú mọ́tò yín, ẹ yí i, kí ẹ wò ó bóyá ó dúró ní ìlàjì, níbi tó kọjú sí ihò tí ẹ máa gbà gbé ọmọ wọlé.