Kí Fọ́tò Oko Yín Má Baà Padà Wálé

Ìyá tó ń yan gàrí, kòkó tí wọ́n sá sóòrùn, ata tí wọ́n tò sórí àtẹ: àwọn ìwé ìròyìn àtàwọn tó ń polówó ọjà ń wá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rà lọ́jà fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Shutterstock àti Adobe Stock. Ẹ ó gbé fọ́tò yín síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rà á, àwọn tó ni ọjà náà á yọ tiwọn, wọ́n á fún yín ní tiyín. Ní Adobe Stock, ìpín ẹni tó ya fọ́tò jẹ́ 33 nínú 100. Owó orí ẹyọ kan kì í pọ̀, ẹ má torí rẹ̀ pa oko tì. Àmọ́ fọ́tò kan náà ṣeé tà léraléra.

Wọ́n máa ń yẹ fọ́tò wò kí wọ́n tó gbà á. Ẹ̀yin ń wò ó lójú fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn ń fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà títí wọ́n á fi rí irun ìpéǹpéjú. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo ojú ẹni inú rẹ̀. Bó bá ṣe bàìbàì, ẹ tún un yà.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń ba fọ́tò wa jẹ́ jù. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń ju òjìji sábẹ́ fìlà àti gèlè, ojú á ṣú, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sì funfun báláú. Ẹ ya fọ́tò yín láàárọ̀ kí oòrùn tó le, tàbí nírọ̀lẹ́. Bó bá di dandan lọ́sàn-án, ẹ mú ẹni náà wá sábẹ́ igi tàbí sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó kọjú síta. Ẹ má jẹ́ kí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀: ojú ọ̀run ni fóònù á máa wò, aláwọ̀ dúdú á wá di òkùnkùn. Ẹ fi ìka tẹ ojú rẹ̀ lójú fóònù kí kámẹ́rà lè mọ ohun tí ẹ ń yà.

Ahéré ìyan gàrí ló le ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, èéfín gbà á kan, fọ́tò á wá ní hóróhóró bí ẹni da iyanrìn sí i. Wọn kì í gba irú ẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri kí ọwọ́ má gbọ̀n, ẹ pa fíláàṣì. Kí ẹ sì nu ojú kámẹ́rà! Ọwọ́ tó ti kan epo pupa ló gbé fóònù yẹn láàárọ̀.

Bí ẹ bá ń ya fọ́tò, ẹ má fa nǹkan súnmọ́ (zoom) lójú fóònù. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ bá a. Ọjà méjèèjì kì í gba fọ́tò tí kò tó megapixel 4 (megapixel ni wọ́n fi ń wọn bí fọ́tò ṣe tóbi tó), fífà á súnmọ́ sì máa ń bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọ yín tó wà nílùú ló máa bá yín gbé e síbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp bíi document. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp á dín in kù. Filter tó ń sọ ojú di ọ̀rá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ ìbí.

Wọn kì í fẹ́ orúkọ tàbí àmì iléeṣẹ́ nínú fọ́tò. Ẹ gbé àpò ajílẹ̀ tó ní orúkọ iléeṣẹ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì bọ́ jẹ́sì Chelsea lọ́rùn ọmọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá hàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ìyẹn ìwé tó fi gbà kí wọ́n lo fọ́tò òun. Òbí ló ń fọwọ́ sí i fún ọmọdé. Ìyá yín gan-an ni, wọ́n á ṣì bèèrè ìwé. Bí kò bá mọ̀wé, ẹ kà á fún un ní Yorùbá, kó mọ̀ pé wọ́n lè lo ojú òun nílùú òkèèrè.

Ẹyọ kan tàbí méjì tó dáa jù ni kí ẹ mú nínú ogún tó jọra. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wọ́n máa ń sọ ìdí. Ẹ ka ìdí náà kí ẹ tó padà síbi agbada.