Bí A Ṣe Ń Kan Táǹkì Omi Onípákó Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojú Irin Kékeré

Láyé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà ṣì ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, kì í rìn jìnnà púpọ̀ kí omi inú rẹ̀ tó tán. Ìdí nìyẹn tí táǹkì omi onípákó, èyí tó rí roboto lórí ẹsẹ̀ gíga, fi wọ́pọ̀ lẹ́bàá ojú irin wọn. Òun ni mo máa ń ní kí ẹni tó ń to ojú irin kékeré, ìyẹn ẹ̀dà kékeré ti ojúlówó, sínú ilé kọ́kọ́ kàn, torí pé ọgbọ́n tí àwọn ilé kékeré yòókù máa béèrè ti pé sára rẹ̀.

Ìwọ̀n tí mò ń sọ níbí ni HO, tí ojúlówó fi tóbi ju ohun gbogbo inú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 87. Mìlímítà 3.5 ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1, ọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 kò sì ní ju mìlímítà 21 lọ. Ẹ gé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ láti ara páálí, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yín. Bí àkàbà bá tóbi jù fún ẹni tó máa gùn ún, ojú yín á ti rí i kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ.

Bí ẹ bá tú kíìtì, ìyẹn páálí tí wọ́n kó àwọn pákó táǹkì náà sí, ẹ má tíì yọ pákó kankan kúrò lára abala tí wọ́n gé e sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kùn ún. Ẹ po tàdáwà dúdú ṣíbí kékeré 1 tàbí 2 mọ́ ìdajì lítà sípíríìtì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fi ra pákó náà. Àwọ̀ eérú tí òjò àti oòrùn máa ń fún igi àtijọ́ ni yóò yọ. Ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti kan pákó kì í mu àwọ̀ mọ́, ṣe ni yóò máa funfun bí àpá, nítorí náà kíkùn ló ń ṣáájú lílẹ̀. Tojú tẹ̀yìn sì ni ká kùn ún. Ojú kan ṣoṣo ni mo kùn lára táǹkì mi àkọ́kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, òrùlé rẹ̀ ti ká kò bí ewé tí oòrùn pa.

Ẹ to igi ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àwòrán inú kíìtì, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí àwòrán náà kí wọ́n má bàa lẹ̀ pọ̀. Igi ìtayín ni kí ẹ fi fa gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà. Èyí tó tó orí píìnì ti tó. Ẹ gbé ohun tó wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá kánjú níbí yóò kan táǹkì tó ń tẹ̀ bí ọ̀mùtí.

Lẹ́yìn tí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti yí ara táǹkì ká, ó ku irin tó ń dè é. Ọ̀pọ̀ ló ń pín in dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, àṣìṣe sì ni. Omi máa ń ti pákó nísàlẹ̀ ju òkè lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ àwọn tó kan ojúlówó máa ń mú irin wọ̀nyí sún mọ́ra nísàlẹ̀, wọ́n á sì máa jìnnà síra bí wọ́n ṣe ń gòkè. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà. Òwú dúdú ṣe é lò dípò irin, bí ẹ bá kọ́kọ́ fà á láàárín ìka tí gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀, kí irun ara rẹ̀ lè sùn. Ẹ má jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti so pọ̀ bọ́ sójú kan náà. Ẹ pín in kiri ara táǹkì.

Àwọ̀ ìpẹtà díẹ̀ lábẹ́ irin àti ipa omi dúdú lábẹ́ ọ̀pá omi, èyí tí omi ń gbà jáde láti inú táǹkì, ti tó. Mi ò fẹ́ràn táǹkì tó dọ̀tí débi tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mu omi inú rẹ̀.

Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá omi sókè, kí ẹ ti ẹ́ńjìnnì yín tó tóbi jù kọjá lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ̀pá náà kalẹ̀: ó gbọ́dọ̀ dé ojú ihò omi tó wà lórí ọkọ̀ èédú ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá dé ibẹ̀, táǹkì ni kí ẹ sún. Ẹ wá bu yanrìn kúnná yí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, títí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní gba abẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́.