Bí ẹ ṣe lè mú ọkọ̀ Píjò 504 àtijọ́ lo ẹ́tánọ́ọ̀lù

Ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe ní Kàbbà, ó sì wù mí kí ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Òkun di epo ọkọ̀, ìyẹn ẹ́tánọ́ọ̀lù, ọtí líle tí wọ́n lè fi ẹ̀gẹ́ ṣe.

Rọ́bà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ń jẹ rọ́bà àtijọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ láti táǹkì dé kabúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́), títí kan ti inú pọ́ǹpù. Yóò tún fọ ìdọ̀tí táǹkì jáde, ẹ ní fílítà tuntun lọ́wọ́.

Jẹ́ẹ̀tì kabúrétọ̀, irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá, ló gba sùúrù. Kílò bẹntiróòlù 1 ń jóná pẹ̀lú kílò afẹ́fẹ́ 14.7, ti ẹ́tánọ́ọ̀lù jẹ́ 9 péré. Nítorí náà, epo tó ń wọlé gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i: ẹ fi jẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bíi 20% bẹ̀rẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ gun òkè, kẹ́ ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò. Bó bá funfun báláú, epo kò tó, ẹ́ńjìnì á sì gbóná jù. Bó bá dúdú kirikiri, epo ti pọ̀ jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ògógóró sí i o, omi inú rẹ̀ pọ̀. Nígbà ọyẹ́, lítà bẹntiróòlù 15 mọ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù 85 á jẹ́ kó tètè jí. Epo tó ń gbé yín dé Lọ́kọ́ja tẹ́lẹ̀ kò ní gbé yín débẹ̀ mọ́, ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un. Iná rẹ̀ kì í hàn dáadáa lọ́sàn-án, ẹ má mu sìgá nítòsí.