Koríko elésè àlùkò lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kó máa gbilẹ̀ sí i

Ẹni tó bá dúró létí omi nítòsí ọjà Olúwo lásìkò òjò yóò rí i: koríko tútù yọ̀yọ̀ tó bo ojú ọ̀sà, òdòdó elésè àlùkò lórí rẹ̀. Water hyacinth lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, lójú omi Àgbádárìgì, ó gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ wọlé. Omi ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, a ò sì lè bá omi ṣẹjọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ibi tó ń dé lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ wa ló ń gbé e lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pè é ní ojú oró tàbí òṣíbàtà. A ti ń fi àwọn méjèèjì yẹn ṣàdúrà láti kékeré, nítorí náà ohunkóhun tó bá léfòó, tiwa la rò pé ó jẹ́. Ojú oró kì í ga, ewé rẹ̀ ní irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ ò sì ní tètè rí òdòdó rẹ̀. Òṣíbàtà fi gbòǹgbò mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi. Ti àjèjì yìí nípọn, ó ń dán, ọrùn ewé rẹ̀ sì wú. Tí ẹ bá tẹ ibi tó wú yẹn tó rọ̀ bíi fóòmù, òun ni.

Òdòdó rẹ̀ rẹwà, n ò ní purọ́. Torí ẹwà yẹn ni wọ́n ṣe ń kó o káàkiri ayé, kí ọdún 1900 tó pé ó ti ń dí ọkọ̀ lọ́nà lórí odò St. Johns ní Florida. Ẹ má mú ẹyọ kan wálé sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ má sì fi sínú adágún ẹja. Tí ibẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè di ìlọ́po méjì. Àgbàrá ọjọ́ kan ló máa gbé e dé odò.

Ibi tí a ti ń ṣàṣìṣe jù ni bí a ṣe ń kó o kúrò. Ọkọ̀ há, inú bí awakọ̀, ó fa àdá yọ, ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó jẹ́ kí omi gbé e lọ. Ègé tó bá ṣì ní ojú tó lè rú yóò hù. Ẹni yẹn ò pa koríko o, ó lọ gbìn ín síwájú ilé ẹlòmíì nísàlẹ̀ odò ni. Àwọn mìíràn á fà á tu dáadáa, wọ́n á kó o jọ sí bèbè, wọ́n á máa lọ, ìgbì á sì kó o padà. Ibi tí omi ò lè dé ló yẹ kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sá a títí yóò fi gbẹ. Ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ tó jẹ́ omi, nítorí náà òkìtì ńlá yẹn á joro. Ẹ ṣe é kó tó tanná, torí èso rẹ̀ tó bá rì sínú ẹrẹ̀ lè lo ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù.

Lọ́gbẹlẹ̀, omi iyọ̀ máa ń wọ ọ̀sà Èkó láti òkun, koríko náà á kú lọ́pọ̀ ibi, wọ́n á ní ó ti lọ. Kò lọ. Ọ̀sà Lekki tó wà níhà ìlà-oòrùn wa kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí di òjò. Ìgbà tó kéré yẹn gan-an ló yẹ ká dìde sí i.

Ti oògùn apakoríko ló ń bí mi nínú jù. Koríko á rọ, á rì, ojú omi á mọ́, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Nísàlẹ̀, ó ń jẹrà, ìjẹrà yẹn á sì gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí mọ́ wọn lọ́wọ́. Omi kan náà la fi ń wẹ ọmọ. Iṣẹ́ ẹni tó mọ ìwọ̀n ni, kì í ṣe ti ẹni tó ra gálọ́ọ̀nù kan lọ́jà. Ìdọ̀tí ilé àti ajílẹ̀ tí àgbàrá ń gbá wọ omi náà ńkọ́? Oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin apẹja wa, kí ẹ tó gbé àwọ̀n, ìgèrè tàbí ọkọ̀ lọ sí odò mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣa koríko kúrò lára wọn, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ńjìnnì, ẹ gbọ́n omi inú ọkọ̀ dà sórí ilẹ̀, ẹ sá àwọ̀n gbẹ.

Ká má sì rò pé àwọn àjèjì nìkan ló ń da ìlú onílùú rú. Ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà náà ń ṣe é. Ní 1966, ọmọdékùnrin kan kó mẹ́ta láti Hawaii lọ sí Miami. Ọdún 1975 ni wọ́n tó kéde pé ó tán, ó tún yọjú ní 2011. Torí náà, bí ẹ bá ń lọ Amẹ́ríkà, tí ìyá yín ń di ìgbín ààyè sínú báàgì fún yín, ẹ rọra yọ ọ́ jáde: òfin wọn kò gbà á.