Ṣé ìjì ló tì í, àbí ìmọ́lẹ̀ ló kàn tàn án? Bí ẹ ṣe lè yẹ nẹ́búlà wò láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ tí mò ń kọ́ ní físíìsì, ẹ yé bi mí pé awò ìwojú-ọ̀run wo ni kí ẹ rà. Ẹ fi owó yín ra dátà. Gálásì (agbo ìràwọ̀ ńlá) NGC 1313 la fẹ́ wò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì rìn fún bíi mílíọ̀nù 14 ọdún kó tó kan Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ X-2. Ẹ́sìréè (X-ray) rẹ̀ pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ rò pé ihò dúdú (black hole) ńlá ni, àfi ní 2019 tí wọ́n rí i pé ó ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 1.5, ìṣe ìràwọ̀ nútíróónù, ìyẹn ìràwọ̀ tó ti kú tó sì ki gan-an. Ó ń fa gáàsì lára ìràwọ̀ kejì rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ò sì gbà á tán. Ìyókù á di ìjì, á máa ti gáàsì àyíká sẹ́yìn. Gáàsì tó ń tàn yí X-2 ká yìí ni nẹ́búlà wa; a fẹ́ mọ̀ bóyá ìjì ló tì í, àbí ìmọ́lẹ̀ X-2 ló kàn tàn án.

Ẹ lọ sí àkójọ ESO lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ni awò VLT ní Chile. Ẹ tẹ “NGC 1313 X-2” gan-an, torí ó jìnnà sí àárín gálásì náà, kí ẹ wá mú fáìlì MUSE, ẹ̀rọ ara VLT tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ fáìlì náà wúwo. Òru ni kí ẹ gbà á, kí bátìrì sì ti kún o. Ẹni tó bá gbójú lé iná ládùúgbò wa, àárín ọ̀nà ni fáìlì rẹ̀ máa há sí.

Ẹ fi QFitsView, ètò kọ̀ǹpútà fún irú fáìlì yìí, ṣí i. Àwòrán tó ju 3,600 ló wà nínú fáìlì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ má wá háídírójìn sí 6563 Angstrom (ìwọ̀n ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) tí ìwé yín kọ: gálásì náà ń sá fún wa, ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń nà, 6573 lẹ óò ti bá a. Imí-ọjọ́ wà ní 6727 àti 6741. Ẹ lo linemap inú QFitsView kí ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ lè yọ kúrò.

Ibi tó dùn nìyí. Ẹ ro imí-ọjọ́ méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi háídírójìn pín in. Tó bá ju 0.4 lọ, ìjì ti kọlu gáàsì náà. Àtùpà lè tan eruku, kò lè gbá a. Ẹ́sìréè líle náà lè gbé iye yìí sókè díẹ̀, torí náà ẹ yẹ bó ṣe rí wò pẹ̀lú: èyí tí ìjì tì máa ń ní etí bí òrùka.

Ọjọ́ orí nẹ́búlà náà ńkọ́? Láti àárín dé etí tó bíi 650 ọdún ìmọ́lẹ̀, etí náà sì ń sáré bíi 80 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré 300,000. Ẹ fi 80 pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 650, lẹ́yìn náà ìlọ́po 0.6. Bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọdún lẹ óò rí. Ẹ má gbàgbé 0.6 yẹn: bí gáàsì náà ṣe ń gbòòrò ló ń gbá púpọ̀ sí i mọ́ra, eré rẹ̀ sì ń dín kù. Ó ti sáré ju báyìí lọ rí.